Kò Sí Bọ́ǹbù Níbẹ̀, Òjò Ló Rún Táǹkì Yẹn: Àlàyé Lórí Fáàfù Tí Táǹkì Epo Fi Ń Mí

Láti oṣù kẹrin ni fídíò kan ti ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn láàárín àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Àbújá. Táǹkì epo ńlá kan ni, ní ibi ìtọ́jú epo aládàáni kan lójú ọ̀nà Kàdúná. Òjò ń rọ̀, ìjì ń jà, ẹni tó ń ya fídíò náà sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ agbépo. Lójijì la gbọ́ "gbòlà!", ara táǹkì sì tẹ̀ wọnú bí agolo tí ènìyàn fẹsẹ̀ tẹ̀. Kò jóná. Kò bú gbàmù síta. Ó kàn rún wọnú ara rẹ̀ ni.

Ní ìpàdé ọmọ ìlú wa ní Kubwa, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọ̀sán. Ẹnìkan ní bọ́ǹbù ni. Òmíràn ní irin tí wọ́n fi ṣe é ni kò nípọn tó. Màmá kan tó ń ta òróró ní ọjà Mararaba ní ayé ló ń ṣe ẹni tó ni ín. Nígbà tí wọ́n rántí pé iṣẹ́ táǹkì ni mò ń ṣe, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi: "Ẹnjiníà, ẹ là á yé wa." Mo là á, àmọ́ ẹnu kò gbà á tán lọ́jọ́ yẹn. Mo ti dé ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, mo gun àkàsọ̀ táǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì di fáàfù tó wà lórí èyí tó rún mú lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n tú u. Ó mọ́ tónítóní. Ìdérí rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Kò bàjẹ́ rárá. Ó kéré jù ni. "Ó kéré jù" yìí ni ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín.

Kí ni fáàfù yìí ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹni tó bá ti lo mílíìkì inú agolo rí mọ̀ pé ihò méjì là ń lu sí i. Bí ẹ bá lu ẹyọ kan, mílíìkì á kán tó, tó, á sì dúró. Ìgbà tí ẹ bá lu èkejì ni yóò máa ṣàn wálẹ̀ geere. Mílíìkì ń gba ihò kan jáde, afẹ́fẹ́ ń gba èkejì wọlé láti dí àyè tí mílíìkì fi sílẹ̀.

Táǹkì epo kò yàtọ̀ sí agolo yìí. Bí pọ́ọ̀ǹpù bá ń fa epo jáde nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé lókè. Bí wọ́n bá ń já epo sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ àti oru epo tó ti wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Táǹkì ń mí sínú, ó ń mí síta, bí èmi àti ẹ̀yin. Fáàfù tí mò ń wí yìí ni imú rẹ̀, orí òrùlé ló sì máa ń wà. Àwọn òṣìṣẹ́ dẹ́pò ń pè é ní breather, tàbí kí wọ́n kàn sọ pé P.V.

P dúró fún prẹ́ṣọ̀: ohun tó wà nínú táǹkì ń ti ara rẹ̀ síta, bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. V dúró fún fákúùmù, òdìkejì rẹ̀: afẹ́fẹ́ inú ti dín kù, ti ìta wá ń tẹ̀ ẹ́ wọnú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń mu ọsàn ṣe ń jìn wọlé. Nínú fáàfù kan náà, ìdérí méjì ló wà, ọ̀kan fún ìjáde, ọ̀kan fún ìwọlé. Irin pẹlẹbẹ roboto ni ìdérí kọ̀ọ̀kan, ó jókòó lórí ihò tirẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ló sì mú un mọ́lẹ̀. Bí prẹ́ṣọ̀ bá ga dé ìwọ̀n kan, á gbé ìdérí ìjáde. Bí fákúùmù bá dé ìwọ̀n tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta á gbé ìdérí ìwọlé. Bí gbogbo nǹkan bá rọ̀, méjèèjì á dé pa. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì.

Ṣé afẹ́fẹ́ lásán lè rún irin?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti gbà mí gbọ́ ní Kubwa. Bàbá kan tó ti fi ọkọ̀ gbé epo fún ọgbọ̀n ọdún wò mí bíi pé mo fẹ́ tàn wọ́n jẹ.

Táǹkì inú fídíò yẹn ń gba 1,000,000 lítà. Ó fẹ̀ tó mítà 12, ó sì ga tó mítà 9. Irin òrùlé rẹ̀ nípọn tó mílímítà 5, èyí tó kéré jù lọ tí API 650 gbà láyè. API 650 ni ìwé ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ irú táǹkì bẹ́ẹ̀. American Petroleum Institute ló ṣe é ní Amẹ́ríkà, òun náà là ń lò níbí. Ohun tí wọ́n kọ́ táǹkì fún ni kí ó gba ìwúwo epo, epo sì ń ti ara táǹkì síta ni. Ẹni tó bá ti so okùn mọ́ nǹkan mọ̀ pé okùn lágbára bí a bá ń fà á, àmọ́ kò sí agbára kankan nínú rẹ̀ bí a bá ń tì í. Irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì fẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ìwà yìí jọ okùn. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n ṣe ìṣirò àkànṣe fún un, fákúùmù tí API 650 gbà fún táǹkì kò ju ti omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ.

Ẹ wo orí ìka yín títí dé oríkèé àkọ́kọ́. Ìwọ̀n yẹn náà ni.

Ọmọ tó bá fi sítíróò tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 fa zobo láti inú ife ti fa fákúùmù tó ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí táǹkì 1,000,000 lítà lè gbà. Sítíróò kò rún nítorí pé ó tín-ín-rín. Òrùlé táǹkì fẹ̀. Omi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lórí mítà kan níbùú lóròó wúwo tó kílò 25. Òrùlé yẹn fẹ̀ tó irú mítà bẹ́ẹ̀ 113, àròpọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ tọ́ọ̀nù 3. Ó ju ọkọ̀ Corolla méjì lọ, tí wọ́n gbé lé irin tí kò nípọn ju mílímítà 5. Ibi tí a gbà á láyè dé nìyẹn o. Ohun tó bá kọjá rẹ̀ ló ń rún un.

Báwo ni òjò ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà?

Mo yíjú sí Màmá tó ní ayé ni. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, bí ẹ bá rọ òróró gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì, tí ẹ sì dé e pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, báwo lẹ ṣe ń bá a lówùúrọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Á ti fún wọnú ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Tí mo bá ti ṣí ìdérí, á pariwo 'pọ̀ọ́', á sì padà."

"Ta ló wá ṣe é láyé?"

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Háà. Ṣé ohun kan náà ni?"

Ohun kan náà ni. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná ń fẹ̀, èyí tó bá tutù ń sún kì. Bí táǹkì 1,000,000 lítà bá kún fún afẹ́fẹ́ tó gbóná dé dígírì 50, tí òjò sì mú un tutù dé 30, afẹ́fẹ́ náà á sún kì tó 62,000 lítà. Àyè yẹn gbọ́dọ̀ kún. Bí afẹ́fẹ́ ìta kò bá rí ọ̀nà wọlé, ara táǹkì ni yóò wọlé láti dí i.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìṣirò yìí nìyí: bí wọ́n bá dé táǹkì náà pa pátápátá, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì fi dígírì kan ṣoṣo tutù, fákúùmù tó máa tibẹ̀ wá á tó ti omi sẹ̀ǹtímítà 3. Dígírì kan! Òṣùwọ̀n tó gbà kò sì ju 2.5 lọ.

Ẹ wá ronú ojú ọjọ́ wa níhìn-ín. Láti oṣù kẹta ni oòrùn ti máa ń mú gan-an, ìgbà tí àwọn Hausa ń pè ní bazara. Ní Kánò, ní Sókótó, ní Gúsáu, ooru á ju dígírì 40 lọ lábẹ́ òjìji, irin táǹkì á gbóná débi pé ẹ kò lè fi ọwọ́ kàn án. Láàárín ìyẹn ni òjò àkọ́rọ̀ á dé lọ́sàn-án: eruku á kọ́kọ́ gbé, ojú ọ̀run á ṣú, òjò á sì dà lu irin gbígbóná náà, nígbà mìíràn tòun ti yìnyín. Epo tó wà nísàlẹ̀ kì í tètè tutù, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ á tutù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀, oru epo náà á tún padà di epo bó bá ti tutù, ìyẹn á sì fi kún àyè tó ṣófo. Ìdí nìyẹn tí táǹkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo fi wà nínú ewu ju èyí tó kún lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fídíò yẹn, láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fún àwọn ọkọ̀ lépo. Ìsàlẹ̀ ni epo wà nígbà tí òjò dé, pọ́ọ̀ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́.

Afẹ́fẹ́ tó mélòó ló gbọ́dọ̀ wọlé?

Ibí ni wíwọn fáàfù ti bẹ̀rẹ̀. A kì í bèèrè bí táǹkì ṣe tóbi tó nìkan. Ohun tí à ń bèèrè ni: ní wákàtí tó le jù lọ nínú ọdún, afẹ́fẹ́ mélòó ló gbọ́dọ̀ gba imú yìí kọjá?

Ìwé tó ń dáhùn ìyẹn ni API 2000. Ohun méjì ló ní ká rò pọ̀ fún ìwọlé: èyí tí pọ́ọ̀ǹpù ń fà, àti èyí tí òjò ń fà. Ẹ ṣàkíyèsí pé a máa ń rò wọ́n pọ̀ ni, a kì í mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òjò kì í béèrè bóyá ẹ ti pa pọ́ọ̀ǹpù kó tó rọ̀.

Kí kíkà má baà di ẹrù, ẹ jẹ́ ká fi táǹkì onírọ́bà dúdú tó wà lókè ilé wa ní Lugbe àti Kubwa ṣe òṣùwọ̀n, èyí tó ń gba 1,000 lítà. Kúbíìkì mítà kan gan-an nìyẹn. Táǹkì inú fídíò yẹn gba 1,000 irú rẹ̀.

Ti pọ́ọ̀ǹpù rọrùn. Lítà kan tó jáde, lítà kan afẹ́fẹ́ ló gbọ́dọ̀ wọlé. Pọ́ọ̀ǹpù wọn ń fa 200,000 lítà ní wákàtí kan, nítorí náà táǹkì dúdú 200 ni.

Ti òjò ni a ń fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe, èyí tó wà lórí fóònù yín náà á ṣe é. A mú bí táǹkì ṣe tóbi tó, 1,000, a fi agbára 0.7 gbé e (1,000^0.7). Ó fún wa ní 125.9. A wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye kan tó dúró fún ibi tí ìlú wà láyé àti irú epo tó wà nínú táǹkì. Àbújá wà ní nǹkan bí dígírì 9 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé (dígírì ti àwòrán ilẹ̀, kì í ṣe ti ooru), Kánò wà ní 12. Gbogbo ibi tí kò bá tó 42 wà nínú ìpín tó gbóná jù. Fún bẹntiróòlù tí wọ́n tọ́jú síbi tó gbóná tó dígírì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye náà jẹ́ 6.5. Ìsọdipúpọ̀ 125.9 pẹ̀lú 6.5 jẹ́ 818.

Táǹkì dúdú 818 ní wákàtí kan, láti ọwọ́ òjò nìkan. Ẹ fi 200 ti pọ́ọ̀ǹpù kún un, ó di 1,018.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè ìtumọ̀ 0.7 yẹn. Ara táǹkì ni òjò ń fọwọ́ kàn, kì í ṣe inú rẹ̀. Bí ẹ bá sọ táǹkì di ìlọ́po méjì, ara rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni èémí tó nílò á lọ sókè ní ìlọ́po 1.6 péré. Ìwé náà tún gbà kí a dín iye yìí kù bí wọ́n bá fi aṣọ ooru wọ táǹkì, nítorí òjò ò ní lè tètè rí irin rẹ̀. Ti wa níhìn-ín máa ń wà níhòòhò.

Fáàfù tó wà lórí táǹkì yẹn jẹ́ ínǹṣì 4. Ìwé tó bá a wá fi hàn pé bí fákúùmù bá dé ibi tí táǹkì gbà dé, afẹ́fẹ́ tó lè gbà wọlé kò ju nǹkan bí táǹkì dúdú 200 lọ ní wákàtí kan. Ó kájú pọ́ọ̀ǹpù rẹ́gí. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣiṣẹ́ láti oṣù kọkànlá, tí ẹnikẹ́ni kò fi fura. Gbogbo ọyẹ́ kọjá, ìbẹ̀rẹ̀ bazara náà kọjá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òjò àti pọ́ọ̀ǹpù pàdé ni ọjọ́ tó rún.

Kí ló dé tí ẹnjiníà méjì fi mú iye méjì wá?

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn tún dìde. Ẹni tó ni ibẹ̀ pe ẹnjiníà méjì. Ọ̀kan ní fáàfù tó lè gba afẹ́fẹ́ táǹkì dúdú 357 ní wákàtí kan ló yẹ. Èkejì ní 1,018. Àwọn méjèèjì ló tọ́ka sí API 2000, ó sì rò pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́ jẹ owó òun.

Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Títí dé ìtẹ̀jáde karùn-ún tó jáde ní 1998, ìwé náà ní ìlànà kan tó rọrùn: fún táǹkì tí kò tóbi jù, òjò á fa nǹkan bí kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ 0.169 ní wákàtí kan fún kúbíìkì mítà kọ̀ọ̀kan tí táǹkì gbà. Fún táǹkì wa, 169 nìyẹn. Ẹ fi 188 kún un fún pọ́ọ̀ǹpù (ó ń ka 0.94 dípò 1), ó di 357. Nígbà tí ìtẹ̀jáde kẹfà jáde ní 2009, wọ́n mú ìṣirò tuntun wọlé, èyí tó wo bí irin ṣe ń tutù gan-an nígbà tí òjò bá ń lù ú, ó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú ìkeje tó jáde ní 2014. Òun ló mú 818 wá.

Wọn kò ju ìlànà àtijọ́ nù. Ó ṣì wà lẹ́yìn ìwé náà, àmọ́ wọ́n fi àwọn àdéhùn kan dè é. Ọ̀kan nínú wọn ni pé afẹ́fẹ́ inú táǹkì kò gbọdọ̀ máa gbóná ju nǹkan bí dígírì 49 lọ. Èmi ò lè fi ọwọ́ sí ìwé pé inú táǹkì onírin tó wà nínú oòrùn oṣù kẹrin ní àríwá kì í kọjá 49. Ìdí tí mo fi dúró ti 1,018 nìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún ẹni tó ni ibẹ̀ lójú àwọn méjèèjì. Owó fáàfù tó tóbi kì í ṣe kékeré. Àmọ́ kò tó owó òrùlé kan.

Ẹ rántí pé ní 1980 ni ilé ìfọpo Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlànà tuntun yìí kò tíì sí nígbà náà. Táǹkì tó bá ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ níbikíbi ní àríwá, ó yẹ kí wọ́n tún fáàfù rẹ̀ wọ̀n, pàápàá bí wọ́n bá ti pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ sí èyí tó lágbára jù.

Ti ìjáde ńkọ́?

Ó rọrùn díẹ̀. Oòrùn kì í mú táǹkì gbóná lójijì bí òjò ṣe ń mú un tutù. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é láti àárọ̀. Fún táǹkì wa, èyí tí oòrùn ń tì jáde jẹ́ 160 ní wákàtí kan, kò tó ìdá mẹ́rin ti òjò. Ohun tó ń mú ti ìjáde le ni bẹntiróòlù fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń ya wọlé, ó ń di oru, nítorí náà lítà kan tó wọlé ni ìwé ní ká kà sí lítà méjì tó ń jáde. Dísẹ́lì kò rí bẹ́ẹ̀, lítà kan fún lítà kan ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń já bẹntiróòlù 150,000 lítà ní wákàtí kan, 300 ni ká kà, ká fi 160 kún un, ó di 460.

Ohun tó mú òrùlé mọ́lẹ̀ ní apá prẹ́ṣọ̀ ni ìwúwo ara rẹ̀. Irin mílímítà 5 wúwo tó kílò 39 lórí mítà kan níbùú lóròó, bí omi sẹ̀ǹtímítà 4. Bí prẹ́ṣọ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, òrùlé á fẹ́ gbéra.

Ṣé ínǹṣì 4 kì í ṣe ínǹṣì 4 ni?

Àṣìṣe tí mò ń bá pàdé jù nìyí. Àwọn kan ń ra fáàfù bí ẹni ra bàtà: wọ́n wọn ẹnu páìpù tó wà lórí òrùlé, wọ́n lọ sí ọjà, wọ́n ra èyí tó bá a mu. Lórí táǹkì inú fídíò yẹn, láti orí táǹkì kékeré kan ni wọ́n ti tú fáàfù náà wá, wẹ́dà sì ṣe ẹnu òrùlé tuntun láti bá fáàfù mu. Fáàfù ló yẹ kó bá táǹkì mu.

Bí kò bá tiẹ̀ sí ìdérí kankan, tó jẹ́ pé ihò gbayawu lẹ gé sí òrùlé, ihò tó máa gba 1,018 wọlé láìkọjá fákúùmù 2.5 gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 17 sí 18. Ínǹṣì 4 kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, fífẹ̀ ihò rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìyẹn. Fáàfù sì ní ìdérí, ó ní kọ̀rọ̀, ó ní àwọ̀n tó ń dènà ẹyẹ. Gbogbo wọn ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Nítorí náà, ìwé tí àwọn tó ṣe fáàfù fi ránṣẹ́, tó sọ iye tó ń gbà kọjá ní fákúùmù kọ̀ọ̀kan, ni ẹ óò kà. Bí wọn kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi irin tó ń dènà iná sábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní flame arrester, òun náà ń fún èémí mọ́ ọn, ẹ gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń tan àwọn tó mọ̀wé pàápàá jẹ. Lára fáàfù, wọ́n á kọ ìwọ̀n tí ìdérí rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, nígbà púpọ̀ ní mbar. Ẹ fọkàn balẹ̀, mbar 1 kò yàtọ̀ sí omi sẹ̀ǹtímítà 1. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣíṣí kọ́ ni ṣíṣí tán. Bí ìdérí bá kọ́kọ́ gbéra, bí ẹni la ojú díẹ̀ láti orun ni. Àwọn fáàfù kan wà tí fákúùmù gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kí wọ́n tó ṣí gbayawu. Bí táǹkì bá gba 2.5, tí ẹ ra irú fáàfù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ 2.5 sí lára, yóò di 5 kó tó ṣí tán. Táǹkì á ti rún kó tó dé bẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 1.2 sí ló yẹ.

Ẹ kúkú jẹ́ ká fi ihò sílẹ̀ gbayawu

Bàbá ọlọ́kọ̀ ló sọ èyí, ọ̀rọ̀ gidi sì ni. Fún dísẹ́lì, wọ́n gbà á láyè: páìpù tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ kọ sílẹ̀, tí wọ́n fi àwọ̀n bò, ó tó. Dísẹ́lì kì í fi oru tó lè gbiná sílẹ̀ ní ooru tiwa. Bẹntiróòlù yàtọ̀, oru rẹ̀ lè gbiná kódà níbi tí omi ti di yìnyín. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, lójoojúmọ́ ni oòrùn á máa lé oru jáde, òru á máa fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, owó á máa fò lọ, oru náà á sì máa wá iná kiri.

Bí iná bá wá jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ìyẹn kò sí nínú iye tí a ti ń kà bọ̀. Bí iná bá ń jó yí táǹkì ká, epo á hó, oru rẹ̀ á sì ju ohun tí P.V. tí a wọ̀n fún èémí lásán lè gbà jáde lọ. Ìṣirò tirẹ̀ wà lọ́tọ̀: ara táǹkì tí epo ń kàn láti inú ni wọ́n ń wọ̀n, títí dé mítà 9.14 láti ilẹ̀. Ìdérí ńlá tó ń ṣí fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, tàbí kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ibi tí wẹ́dà ti jó òrùlé mọ́ ara má lágbára púpọ̀, kí ó lè jẹ́ pé òkè ni yóò ti ya, kí epo tó wà nísàlẹ̀ má dà sílẹ̀.

Ohun tí ìṣirò kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀

Fáàfù tó tóbi tó lè di èyí tí kò tó láàárín ọjọ́ kan. Ní ọyẹ́, eruku Sahara máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí oru epo ti mú ojú ìjókòó ìdérí tutù, á sì di bí àmọ̀. Mo ti bá ilé agbọ́n tí wọ́n fi ẹrẹ̀ mọ nínú ẹnu fáàfù kan nítòsí Idu, ó le bí símẹ́ǹtì. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti akunlé. Wọ́n á fi ọ̀rá dí ẹnu fáàfù kí ọ̀dà má bàa ta sí i, wọ́n á sì gbàgbé láti yọ ọ́. Ọ̀rá lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, á sì pa táǹkì olówó iyebíye. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ó yẹ kí ẹnìkan gun òkè, kó ṣí fáàfù, kó fi ọwọ́ gbé ìdérí méjèèjì, kó nu ìjókòó wọn.

Wọ́n ti gbé òrùlé tuntun sí táǹkì yẹn. Fáàfù ńlá méjì ló wà lórí rẹ̀ báyìí; bí a bá ro ohun tí ìwé wọn sọ pọ̀, ó ju 1,018 lọ. Mo wà níbẹ̀ nínú oṣù kẹfà nígbà tí òjò ọ̀sán kan dé. Ọkọ̀ mẹ́ta ló ń gba epo. Mo dúró sẹ́bàá àkàsọ̀, omi ń dà sí mi lára, mo sì ń gbọ́ ìdérí tó wà lókè: "pẹ́, pẹ́, pẹ́", bó ṣe ń gbéra tó ń jókòó, tí afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ na ojú sókè, ó ní, "Oga, kí ló ń lù lókè yẹn?" Mo ní táǹkì ló ń mí.